Orúkọ Ta Ni Yóò Wà Lára Àpò Gàrí Wa?

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń ṣe gàrí àti epo pupa nílẹ̀ Ìjẹ̀bú bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sọ. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín nítorí pé ẹgbẹ́ púpọ̀ ló ń béèrè nípa ọ̀rọ̀ yìí.)

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń di ọjà tí a fẹ́ tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì àti ohun tó yẹ kí a kọ sí ara rẹ̀. Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, n kò sì kàwé nípa rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀, ojú mi ló rí i, owó ẹgbẹ́ wa ló sì kọ́ mi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló yóò sá. Ẹ jẹ́ kí n fi ojú ejò tó bù wá jẹ hàn yín.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde ni ìwé kan tí ọ̀gá súpámákẹ́ẹ̀tì kan kọ sí ẹgbẹ́ wa. Ó ní gàrí wa dára, ó kúná, ó kan dáadáa, òun sì fẹ́ máa gba páálí 100 lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n orúkọ ilé ìtajà tòun ni kí a tẹ̀ sára ọ̀rá, kì í ṣe orúkọ tiwa. Nígbà tí mo ka ìwé náà sétí àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ilé dàrú. Àwọn kan ní owó ni owó ń jẹ́, kí a gbà á kíá kí wọ́n tó lọ bá ẹlòmíràn. Ìyá kan tó ti ń yan gàrí kí wọ́n tó bí mi dìde, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, bí mo bá bímọ, ṣé ẹlòmíràn ni yóò sọ ọ́ lórúkọ?” A kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni. Àwọn 28 tí wọ́n ṣí ìsọ̀ kékeré kan ní Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóṣù Kejìlá ọdún 1844, tí gbogbo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń pè ní baba, ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti ọkà ótì ni wọ́n kọ́kọ́ tà. Láyé ìgbà náà, àwọn onísọ̀ mìíràn a máa lú ìyẹ̀fun, wọn a sì máa rẹ́ òṣùwọ̀n jẹ. Ohun tó mú kí àwọn ènìyàn máa wá sọ́dọ̀ àwọn ará Rochdale ni pé ojúlówó ni wọ́n ń tà, òṣùwọ̀n wọn sì pé. Ní 1863, àwọn ẹgbẹ́ náà para pọ̀ dá ilé ọjà àpapọ̀ sílẹ̀ ní Manchester. Ní 1873 ilé ọjà yìí ra ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Crumpsall, wọ́n sì ń fi orúkọ ẹgbẹ́ sára ohun tí wọ́n ń ṣe. Nítorí náà, kí ilé ìtajà fi orúkọ ara rẹ̀ sára ọjà, irú ẹgbẹ́ tiwa yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ìsọ̀, àwọn náà ló ni ilé iṣẹ́, àwọn náà ló sì ni orúkọ. Níhìn-ín, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní 1935, kòkó sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa fi wọ inú rẹ̀. Kòkó wọ àpò, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó lọ. Ta ni ó jẹ ṣokoléètì tó mọ orúkọ àgbẹ̀ tó gbìn ín?

Kí n tó dé ibi ìwé náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nígbà tí a kọ́kọ́ fẹ́ fi orúkọ ara wa tà.

A lọ bá atẹ̀wé kan, a ní kí ó tẹ ọ̀rá 12,000 fún wa, nítorí ó ní bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe dínwó tó. Ọ̀rá náà rẹwà. Àwòrán obìnrin tó jókòó ti agbada wà lára rẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ wa sì tàn yòò. A fi àyè sílẹ̀ fún nọ́mbà NAFDAC, a ní nígbà tí a bá gbà á, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Atẹ̀wé náà tilẹ̀ sọ fún wa pé òun ní nọ́mbà kan lọ́wọ́ tí òun lè bá wa tẹ̀ sí i, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Akápò wa ló gbé ohùn sókè pé òun kò ní bá wọn lọ sẹ́wọ̀n nítorí gàrí. Ẹ bá mi kí akápò wa.

Nígbà tí a kó ìwé wa lọ fún ìforúkọsílẹ̀, wọ́n ní kí a mú lébẹ́ẹ̀lì wá. Àwa fi ìdùnnú yọ ọ̀rá wa. Ọmọ tó gbà á kà á tán, ó fi kálámù pupa fa ìlà sí ibi mẹ́ta. Èkíní, a kọ orúkọ ìlú àti nọ́mbà àpótí ìfìwéránṣẹ́, a kò kọ àdúgbò àti ojúlé tí a ti ń ṣe gàrí. Wọ́n ní bí ọjà bá ṣe ẹnikẹ́ni níṣẹ́kúṣẹ̀ẹ́, ibo ni kí àwọn wá wa sí, ṣé nínú àpótí lẹ́tà? Èkejì, a kọ ọ́ pé gàrí wa dára fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. A kò purọ́ lójú tiwa, ohun tí àwọn oníbàárà ń sọ fún wa ni a kọ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kì í ṣe oògùn, a kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ sára oúnjẹ pé ó ń wo àrùn. Ẹ̀kẹta, a tẹ ọjọ́ tí a ṣe gàrí mọ́ ọ̀rá láti ilé atẹ̀wé, bí ẹni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni a ó fi yan gàrí inú ọ̀rá 12,000!

Gbogbo ọ̀rá náà kú síbẹ̀. Títí di òní, àwọn ọmọ ilé mi ń fi í wé ìwé ilé ẹ̀kọ́ wọn. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, orí bébà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ ya lébẹ́ẹ̀lì yín. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tún un ṣe, kí nọ́mbà jáde, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Bí atẹ̀wé bá ń kánjú, ẹ jẹ́ kí ó máa kánjú lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òfin fẹ́ báyìí. Òfin tó dá NAFDAC sílẹ̀ jáde ní 1993, òfin tó sì sọ̀rọ̀ nípa lébẹ́ẹ̀lì oúnjẹ tí a dì ti wà láti 2005, wọ́n sì ti tún un ṣe lẹ́yìn náà. Ohun tó ń béèrè kò ṣòro. Orúkọ oúnjẹ náà gan-an gbọ́dọ̀ hàn, yàtọ̀ sí orúkọ ìnagijẹ tí a fún un. Bí ẹ bá sọ gàrí yín ní “Adùn-ún-mu,” ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé gàrí ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn, èyí tó pọ̀ jù ni a ó kọ́kọ́ kọ, títí dé orí èyí tó kéré jù. Gàrí funfun, ẹ̀gẹ́ nìkan ni. Gàrí pupa, ẹ̀gẹ́ àti epo pupa. Àwọn tó ń ṣe kúlíkúlí tàbí ìyẹ̀fun sóyà, ẹ kọ ẹ̀pà àti sóyà kí ó hàn ketekete, nítorí àwọn kan wà tí ẹ̀pà lè pa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, nọ́mbà NAFDAC, ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù tàbí kílò, bí ó bá jẹ́ epo, ní lítà, ọjọ́ tí a ṣe é, ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àti pé Nàìjíríà ni a ti ṣe é. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n a lè fi Yorùbá kún un. Àwa fi kún un. Kí ni ó burú nínú kí ìyá tó ra gàrí ka ohun tó rà?

Ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ ń fojú kéré, òun ni nọ́mbà àṣepọ̀, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní batch. Gbogbo gàrí tí a yan lọ́jọ́ kan, láti inú ẹ̀gẹ́ kan, nọ́mbà kan náà ni a ó fún un, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé: oko ta ni ẹ̀gẹ́ ti wá, ọjọ́ tí a rin ín, ọjọ́ tí a yan án, àwọn tó yan án. Ní ọdún tó kọjá, oníbàárà kan mú gàrí wá, òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. A wo nọ́mbà, a rí i pé àpò 85 péré ni ọ̀rọ̀ náà kàn, a kó àwọn náà padà. Bí kò bá sí nọ́mbà, gbogbo gàrí wa tó wà lórí pẹpẹ ni wọn ì bá kó dànù. Ìwé náà kì í ṣe ìwé ìjìyà o. Ìyá tó yan gàrí ọjọ́ náà kò jẹ̀bi, ajọ̀ ló ya.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n nísinsìnyí, nítorí òun ni ejò kejì. Nígbà tí nọ́mbà wa jáde, tí a tẹ ọ̀rá mìíràn, a di gàrí páálí 60, a kó o lọ sí ilé ìtajà. A kọ kílò kan sára rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó wà ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn gbé àpò mẹ́wàá sórí òṣùwọ̀n, mẹ́rin kò pé kílò kan. Ó ní kí a máa kó gbogbo rẹ̀ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo sọ fún un pé àwọn mẹ́fà yòókù ju kílò kan lọ. Ó ní, “Mọ̀mọ́, ẹni tó bá ra èyí tí kò pé kò ní mọ̀ pé èyí tó lé wà.” A san owó ọkọ̀ àlọ, a tún san ti àbọ̀.

Kí ló fà á? Kóńgò ni a fi wọ̀n ọ́n. Kóńgò ń wọn bí ohun ṣe kún tó, kì í wọn bí ó ṣe wúwo tó. Gàrí tó kúná a máa ki jọ, ti èyí tó hú a máa fi àyè sílẹ̀. Gàrí tí kò gbẹ tán a máa wúwo, bí ó bá gbẹ sínú àpò, ìwọ̀n rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, a ra òṣùwọ̀n oníná, àpò kọ̀ọ̀kan ni a ń gbé lé e. A kì í sì ka ọ̀rá mọ́ ọn, ìwọ̀n gàrí nìkan ni òfin fẹ́. A ń fi díẹ̀ ṣe èènì lé e, bí ìyá wa ṣe ń ṣe lọ́jà. Gbígbẹ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìlànà tí àjọ Codex ti àgbáyé ṣe fún gàrí sọ pé omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Ẹ má sì di gàrí gbígbóná. Bí ó bá tutù sínú ọ̀rá, oru yóò di omi, omi yóò di ebu. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ó tutù pátápátá, kí ẹ tó lẹ ọ̀rá pọ̀.

Ní ti epo pupa, kò ní pẹ́. Ìgò tuntun ni kí ẹ lò, kì í ṣe ìgò omi tí a ṣà. Ẹ gbé e kúrò nínú oòrùn, nítorí ìmọ́lẹ̀ a máa ba epo jẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi àró kún epo kí ó lè pọ́n, kí ó mọ̀ pé NAFDAC ti kìlọ̀ nípa àró Sudan tí àwọn kan ń fi lú epo. Àró aṣọ ni, kì í ṣe ohun jíjẹ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè wà nínú ẹgbẹ́ wa.

Súpámákẹ́ẹ̀tì tún ní ohun tirẹ̀ tó ń fẹ́ yàtọ̀ sí ti òfin. Èkíní ni àwọn ìlà dúdú tí ẹ̀rọ ń kà, báàkóòdù. Láti 1974 tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ka irú rẹ̀ ní ilé ìtajà kan ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, ni ó ti di bárakú. Àjọ tó ń pín nọ́mbà náà ní Nàìjíríà ni GS1, nọ́mbà tí ẹ bá sì gbà lọ́dọ̀ wọn, 615 ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Gàrí kílò kan ní nọ́mbà tirẹ̀, gàrí kílò méjì ní tirẹ̀. Ẹ má ra nọ́mbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kiri. Ẹ má sì jẹ́ kí atẹ̀wé fi ìlà pupa ṣe é nítorí ẹwà, ìmọ́lẹ̀ pupa ni ẹ̀rọ náà sábà máa ń lò, kò ní rí ìlà pupa rárá. Ìlà dúdú lórí funfun ni, kí àyè funfun sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀. Ohun tí wọ́n tún ń wò ni bóyá àpò lè dá dúró lórí pẹpẹ, bóyá ojú ibi tí a lẹ̀ kò tú, bóyá àpò tó wà nínú páálí kan jẹ́ iye kan náà nígbà gbogbo. Kí ọjọ́ tí yóò parí má sì sún mọ́lé. Bí ó bá ku oṣù díẹ̀, wọn kò ní gbà á.

Owó ńkọ́? Wọn kì í sábà san án lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan a san án lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, àwọn mìíràn a tó ọgọ́ta ọjọ́. Àwọn kan a ní kí a gbé e kalẹ̀ ná, bí ó bá tà, àwọn yóò san owó, bí kò bá tà, kí a wá kó o. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní owó tí yóò fi ra ẹ̀gẹ́ fún oṣù méjì kí ó má tíì lọ.

Ó wá kan ìwé ọ̀gá wa náà. Bí a bá gbà láti ṣe gàrí ní orúkọ rẹ̀, òun ló ni orúkọ, òun ni yóò gba báàkóòdù. A ó forúkọ gàrí náà sílẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí nọ́mbà NAFDAC tí a ní fún gàrí tiwa kò lè bo gàrí tó ń jẹ́ orúkọ mìíràn. Wọn yóò béèrè ìwé ẹ̀rí pé orúkọ náà jẹ́ tirẹ̀, àti ìwé àdéhùn láàárín wa tí lọ́yà fọwọ́ sí. Ọdún márùn-ún ni ìforúkọsílẹ̀ ń lò. Ohun tí mo ń rò lórí ibùsùn nìyí: bí àwọn ènìyàn bá jẹ gàrí náà fún ọdún méjì, tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, orúkọ ilé ìtajà ni wọn yóò mọ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá rí ẹni tí yóò ṣe é ní owó tó dín ní náírà díẹ̀, yóò dágbére fún wa, àwọn oníbàárà kò sì ní mọ̀ pé a ti lọ. Ọ̀rá tó ní orúkọ rẹ̀ lára yóò kù sí wa lọ́wọ́. Mo ti ní ọ̀rá tó kú sílé, n kò fẹ́ ìkejì.

Ewu mìíràn tún wà tó kan ìlera. Páálí 100 lóṣù kì í ṣe eré. Gàrí Ìjẹ̀bú tí a mọ̀, ọjọ́ mélòó kan ni a fi ń jẹ́ kí ó kan kí a tó yan án. Òun ló ń fún un ní adùn rẹ̀, òun náà sì wà lára ohun tó ń dín májèlé inú ẹ̀gẹ́ kù. Bí ọkọ̀ ilé ìtajà bá ti dúró lójú ọ̀nà, tí gàrí kò pé, ẹnìkan yóò ní kí a fún un jáde lọ́la. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí èmi náà ti rò ó rí.

Síbẹ̀, n kò sọ pé kí a kọ̀. Páálí 100 tí ó dájú ni owó ilé ìwé fún ọmọ púpọ̀. Ohun tí èmi àti akápò kọ sínú èsì wa ni pé a ó ṣe é, ṣùgbọ́n páálí 50 ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, páálí 50 yòókù yóò wọ ọjà ní orúkọ tiwa. Lára ọ̀rá tirẹ̀, kí a kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ wa ló ṣe é fún un, pẹ̀lú àdírẹ́sì wa, ní lẹ́tà tí ojú lè kà láìwo awò. Òun ni yóò san owó ọ̀rá, bí àdéhùn bá sì tú, òun ni yóò ra èyí tó kù. Kí iye owó gàrí jẹ́ ohun tí a lè tún sọ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, nítorí owó ẹ̀gẹ́ kì í dúró sójú kan. Kí ó fún wa ní ìwé oṣù mẹ́ta ṣáájú bí ó bá fẹ́ fi wá sílẹ̀. Kí gàrí tó pẹ́ lórí pẹpẹ rẹ̀ má di gbèsè tiwa, àfi bí àléébù bá wà nínú gàrí fúnra rẹ̀, èyí tí nọ́mbà àṣepọ̀ yóò fi hàn. Àti pé a kò ní kó gàrí tí kò kan tó jáde, bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró di alẹ́.

Ó ti fèsì. Ó gba gbogbo rẹ̀ àfi méjì: kò fẹ́ ra ọ̀rá tó bá kù, ó sì fẹ́ kí orúkọ wa kéré sí i. Ìyá tó béèrè ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ ní òun lè fara mọ́ ti ọ̀rá, ṣùgbọ́n lẹ́tà orúkọ, kí ó má dín. Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ni ẹgbẹ́ wa yóò dìbò lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí irú ìwé yìí bá ti dé bá, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe fún wa kí a tó dìbò.

Mo kó ọ̀rá mẹ́ta wá: èyí tó kú, èyí tó yè, àti àwòrán èyí tí ọ̀gá náà fẹ́. Wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ̀ akápò. Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n, kí ẹ sì fi ìka ra ọjọ́ tó wà lára èkejì, kí ẹ wò ó bóyá yóò parẹ́.